Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní Èkìtì

Òfin tí ó dáàbò bo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, títí kan èyí tó bá ṣẹ̀ sófin. Ọ̀rọ̀ ọmọdé wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, nítorí náà òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 kò lè múlẹ̀ ní Èkìtì àfi tí ìpínlẹ̀ náà bá ṣe tirẹ̀. Ó ṣe é. Ó wà nínú àkójọ òfin ìpínlẹ̀ náà ti 2012. Òfin ọmọdé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1943, nígbà ìjọba amúnisìn, ni ìpìlẹ̀ ti àtijọ́.

Bí ọmọ bá ṣẹ̀ sófin, ìwádìí ni ibi tó gbẹgẹ́ jù. Gẹ́gẹ́ bí òfin 2003, bí ọlọ́pàá bá ti mú ọmọ, kí wọ́n ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kíkó ọmọ mọ́ àwọn àgbà ọ̀daràn nínú àtìmọ́lé burú jáì: ẹ̀kọ́ ìkà ni yóò bá bọ̀. Ní kóòtù ẹbí, májísíréètì jókòó pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ méjì, ọ̀kan obìnrin. Èrò ìwòran kò gbọdọ̀ wọlé, ìwé ìròyìn kò sì gbọdọ̀ gbé orúkọ ọmọ náà jáde. Kò sí ẹ̀wọ̀n fún ọmọ, kò sí pàṣán, kò sí ìdájọ́ ikú.

Òfin náà tún ka ìwọ̀sí àti ìfìyàjẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ sí iyì ọmọ. Ó kan ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú: ọmọ kíláàsì àgbà tó ń mú ọmọ kékeré kúnlẹ̀ sórí òkúta, tó ń gba gàrí rẹ̀ ní ilé ìbùsùn, ọmọdé ni òun náà: ó yẹ kí wọ́n bá a wí, kí wọ́n sì tọ́ ọ sọ́nà.