Ọyẹ́ ń bọ̀: Ohun tó yẹ kí ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ̀ nípa omi, ẹja àti ọjà kí ọdún tó parí

Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀, ìbéèrè kan náà ló máa ń wọlé sórí fóònù wa: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ ojú omi ń ṣiṣẹ́ lónìí?" Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á béèrè nípa ẹja, lẹ́yìn ẹja ló máa ń kan ìrẹsì. Ìdí nìyẹn tá a fi kó ọ̀rọ̀ náà jọ sójú kan. Ẹni tí kò bá gbọ́ wa lórí afẹ́fẹ́ á rí i kà, ẹni tó sì gbọ́ ọ á lè padà wá wò ó.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ní ìgbà òtútù tiwọn, tí yìnyín máa ń bolẹ̀. Ọyẹ́ ni tiwa. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń fẹ́ wá, ó sì máa ń gbé eruku dání. Ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, lórílẹ̀-èdè Ṣáàdì, ni púpọ̀ nínú eruku ọ̀hún ti ń dìde. Ìparí oṣù Kọkànlá ló sábà máa ń yọjú, ó sì lè wà títí di oṣù Kẹta. Lókè Ọya, ó máa ń mú gan-an. Lọ́dọ̀ wa níbí, nítorí pé a súnmọ́ òkun, ó lè wá fún ọjọ́ mélòó kan kí afẹ́fẹ́ òkun tún lé e padà.

Ṣùgbọ́n kí ọyẹ́ tó dé rárá, omi ló kọ́kọ́ máa ń yí padà. Ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ tí kò mọ ìyẹn, kàlẹ́ńdà lásán ló ń wò.

Òjò dá, omi ò tíì dá

Òjò máa ń pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní Èkó: nǹkan bí oṣù Kẹfà sí ìkeje, àti oṣù Kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Tí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí bá ń parí, oòrùn á yọ, ilẹ̀ á gbẹ, oníkálukú á ní ó tán. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Omi tó ń wọlé sáwọn ará Májídun àti Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe òjò tó rọ̀ sórí òrùlé wọn. Odò Ògùn ló ń gbé e bọ̀ láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògùn. Lórí odò Ọ̀yán, tó ń ṣàn wọnú odò Ògùn, ni dáàmù Ọ̀yán wà. Ọdún 1983 ni wọ́n parí rẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló sì ń ṣàkóso rẹ̀. Tí dáàmù náà bá kún, wọ́n gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀, torí tó bá ya, àjálù tó máa ṣẹlẹ̀ á ju àkúnya omi lọ. Omi tí wọ́n tú yìí ló máa ń gba Ìṣẹri kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa létí ọ̀sà.

Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò nínú oṣù Kẹwàá pé wọ́n ń tú omi dáàmù sílẹ̀, ẹ má wo ojú ọ̀run. Ẹni tó ti ra ọjà ọdún sílẹ̀, yálà àpò ìrẹsì ni o, àpò ṣúgà ni o, kó gbé e sókè kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀. A ti rí oníṣòwò tí omi ba gbogbo owó àjọ rẹ̀ jẹ́ ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí oòrùn ti ń ràn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ewé tó ń dínà ọkọ̀

Ohun kejì tí omi máa ń gbé wá ni ewé orí omi tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth. Kì í ṣe ojú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì yẹn ti wà lójú omi wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àlejò ni èyí, Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ọdún 1984 ló dé ojú omi Èkó, láti apá Pọ̀tọ̀nóvò gba Àgbádárìgì wọlé. Òdòdó rẹ̀ rẹwà o, àwọ̀ àlùkò ni. Ṣùgbọ́n tí ó bá tẹ́ lójú omi, bí pápá ni ó ń rí, ọmọdé lè rò pé òun lè rìn lórí rẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣe ọkọ̀ rèé: gbòǹgbò rẹ̀ gígùn máa ń wé mọ́ irin tó ń yí lábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì kú sáàárín omi. Awakọ̀ á tẹ̀ ẹ̀rọ náà sókè, á fi ọwọ́ tu ewé kúrò, á tún ṣíná sí i. Ìrìn àjò tó yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ á wá di ti wákàtí. Ewé náà sì máa ń bo igi tó rì sómi, kí awakọ̀ má baà rí i, ibẹ̀ sì ni ìjàǹbá ti ń wá.

Ìgbà wo ló máa ń lọ? Iyọ̀ ni ìdáhùn. Tí odò bá fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á ráyè gba ẹnu ọ̀sà Èkó wọlé, omi ọ̀sà tó wà lápá Ìkòròdú, Báyékù àti Ìbẹ̀ṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀. Ewé yìí kò lè fara da iyọ̀, á rọ, á kú, á rì. Ti Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wà láàárín ọ̀sà Èkó tó níyọ̀ àti ọ̀sà Lẹ́kìí tí omi rẹ̀ kò níyọ̀, odò Ọ̀ṣun náà sì ń da omi sí apá ibẹ̀. Nítorí náà, ewé náà lè ti parẹ́ ní Ìpakodò kí ó ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́ digbí. Ìyẹn ni ìdí tí ẹni méjì lè máa jiyàn lórí fóònù, kí ọ̀kan ní ewé ti lọ, kí èkejì ní irọ́ ni, kí àwọn méjèèjì sì jẹ́ olóòótọ́.

Lẹ́yìn ewé ni ọyẹ́ fúnra rẹ̀ ń wọlé. Mo ti dúró ní èbúté Ìpakodò rí láàárọ̀ kùtù, tí mi ò rí ọkọ̀ tó so mọ́lẹ̀ níwájú mi dáadáa, ariwo ẹ̀rọ nìkan ni mò ń gbọ́. Ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, awakọ̀ tó bá ní ká dúró díẹ̀ kí ojú omi là, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ má ṣe bú u. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ wà ní Marina, ọ̀gá sì ń dúró, ọ̀nà Mile 12 náà ò sì rọrùn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìròyìn tí mò ń kà, èyí tó máa ń wúwo lẹ́nu mi jù ni ti ọkọ̀ tó dojú dé, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ní ilẹ̀ ti ṣú kó tó gbéra, tí ọ̀pọ̀ nínú èrò inú rẹ̀ kò sì wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì.

Àjọ LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó àti NIWA ti ìjọba àpapọ̀ ló ń rí sí ìrìnnà ojú omi, àwọn méjèèjì ló sì ti ka ìrìn àjò alẹ́ lójú omi léèwọ̀. Nínú oṣù Kejìlá, tí ọjà bá pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, ni ọkọ̀ àṣegbẹ̀yìn máa ń kún jù. Tí ẹ bá wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ di okùn rẹ̀ pátápátá. Èyí tí ẹ kàn gbé kọ́rùn lásán, omi á bọ́ ọ lọ.

Ojú omi yìí kì í ṣe ọ̀nà àbùjá tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Òun ni ojú ọ̀nà àtijọ́. Omi ni Ọba Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbà dé Ẹ̀pẹ́ nígbà tí wọ́n lé e kúrò l'Ékòó ní ìparí ọdún 1851. Ní Ẹ̀pẹ́ náà ló ti bá aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, kó tó padà s'Ékòó ní 1862. Dídé rẹ̀ yẹn làwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ fi ń ṣe ọdún Káyòkáyò. Lọ́dún 1865 tí àwọn Ẹ̀gbá gbógun ti Ìkòròdú, ẹni tó bá di èbúté wa mú ló di ọjà láàárín Èkó àti Rẹ́mọ mú, ìyẹn gan-an ni Gómìnà Glover fi rán ọmọ ogun wá lé wọn. Èjìnrìn tó wà láàárín wa, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ ju orúkọ lọ, ọjà ńlá ni nígbà náà, ibẹ̀ ni ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkó ti ń pàdé.

Ẹja ọdún

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹja púpọ̀ fún ọdún, ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ló máa ń sáré lọ. Ẹja tútù wà níbẹ̀, gbígbẹ wà, ẹran ìgbẹ́ náà wà. Àrọ̀ àti èpìyà ni omi tí kò níyọ̀ ń fún wa. Lápá Báyékù àti Ìbẹ̀ṣe, tí iyọ̀ bá ti wọ omi, edé, akàn àtàwọn ẹja òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìmọ̀ràn táwọn ìyá ọlọ́jà máa ń fúnni ni pé kéèyàn tètè ra ẹja gbígbẹ, kó má dúró di ọ̀sẹ̀ Kérésì. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi ìdáná gbẹ, afẹ́fẹ́ náà gbẹ, ẹja tí wọ́n yan nígbà yẹn máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ́ ẹ wò kí ẹ tó sanwó. Tí inú rẹ̀ bá ṣì rọ̀, kò tíì gbẹ, á hu funfun nínú àpótí yín.

Àwọn tó ń sin ẹja náà ní ìṣírò tiwọn. Ìkòròdú kún fún wọn, ìjọba ìpínlẹ̀ pàápàá ní ibùdó ọ̀sìn ẹja ní Òdógunyàn. Àrọ̀ ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó tó tà, nítorí náà, ẹja tí wọ́n máa tà ní Kérésì ti wà nínú pọ́ǹdù láti nǹkan bí oṣù Kẹfà tàbí ìkeje. Tí ọyẹ́ bá mú omi tutù, ẹja kì í jẹun dáadáa. Oúnjẹ tí ẹ bá dà sí i á kàn jẹrà sínú omi ni, owó á ṣòfò, omi á bàjẹ́. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń dúró kí oòrùn mú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kí wọ́n tó fún wọn lóúnjẹ, wọ́n á sì dín in kù. Pípa ọmọ ẹja náà máa ń le lásìkò yìí. Ẹni tó ń gbèrò láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn nínú oṣù Kejìlá, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe é.

Ìrẹsì, ewùrà àti ọ̀nà Ìtòíkin

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì kò gùn. Ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀ta, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kínní ọdún 2023, lágbára láti ṣe tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ó wà láàárín wa lóòótọ́, àmọ́ ilé iṣẹ́ náà kò lè lọ ìrẹsì tí àgbẹ̀ kò gbìn. Paadi tó ń lò, láti àwọn ìpínlẹ̀ míì ló ti ń wá jù. Nítorí náà, owó ọkọ̀ àti owó paadi lókè Ọya ló ń sọ iye tí àpò kan máa jẹ́, kì í ṣe pé ilé iṣẹ́ náà súnmọ́ ilé wa.

Ohun tó súnmọ́ wa lóòótọ́ ni ewùrà àti kókò. Àsìkò yìí ni ewùrà ń jáde lóko, òun la fi ń se ìkọ́kọrẹ́. Kókò la fi ń se ẹ̀bìrìpò, oúnjẹ tí ọmọ Ìkòròdú tó ti òkè òkun dé máa ń béèrè kó tó béèrè ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Tí ẹ bá lè dé ọjà Ìtòíkin ní òwúrọ̀, owó ibẹ̀ sábà máa ń fúyẹ́ ju ti Sábó lọ, nítorí pé láti oko làwọn ọjà náà ti ń wọlé tààrà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀nà o. Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtòíkin sí Ẹ̀pẹ́ ni ọkọ̀ àjàgbé ń gbà. Láti ìgbà tí èbúté Lẹ́kìí àti ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote ti ṣí lọ́dún 2023, ọkọ̀ ńláńlá ti pọ̀ lápá Ẹ̀pẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Eruku ọyẹ́, eruku ọ̀nà, àti ọkọ̀ tí kò tan iná ẹ̀yìn, ewu ni ní ìrọ̀lẹ́.

Iná àti àìsàn

Iná kò ní sùúrù lásìkò ọyẹ́. Àwọn tó ń yan ẹja lábẹ́ àtíbàbà, ẹ jẹ́ kí omi àti iyanrìn wà nítòsí. Ẹ má ṣe tọ́jú bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ sínú ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dáná sun igbó lẹ́yìn ilé ní ọ̀sán tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

Eruku ọyẹ́ kì í bá ẹni tó ní ikọ́ fée lò dáadáa, kó máa mú oògùn fífà símú rẹ̀ dání lọ síbi gbogbo. Ẹni tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀nídìde gbọ́dọ̀ wọṣọ tó nípọn láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì máa mu omi dáadáa, nítorí òtútù àti àìtó omi lára ló sábà máa ń ru ìrora sókè. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́.

Tí iná bá ṣẹ́, tí omi bá ya wọlé, tàbí tí ọkọ̀ bá ní ìjàǹbá lójú omi tàbí lórí ilẹ̀, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó ni 767 tàbí 112. Wọn kì í gba owó ìpè. Ẹ sọ orúkọ àdúgbò yín àti èbúté tàbí ibùdókọ̀ tó súnmọ́ yín jù kí ẹ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí fóònù lè já.