Bí tírélà ṣe gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ l'Abẹ́òkúta

Òkúta tó dáàbò bo àwọn Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n tẹ̀dó lọ́dún 1830 náà ló sọ ọ̀pọ̀ ọ̀nà Abẹ́òkúta, láti Ìjẹmọ̀ títí dé Ìtòkú, di gòkè-sọ̀kalẹ̀. Fún awakọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì tàbí òkúta wẹ́wẹ́, sísọ̀kalẹ̀ léwu ju gígun òkè lọ, nítorí ẹ̀bá títì làwọn aláàdìrẹ pàtẹ sí.

Bí awakọ̀ bá fẹsẹ̀ ti bíréèkì láti òkè délẹ̀, bíréèkì yóò gbóná débi tí kò ní í lè dá táyà dúró mọ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni kó ti dín eré kù, kó sì wọ jíà kékeré, kí ẹ́ńjìnnì lè máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Òfin àtijọ́ ni pé jíà tá a fi gun òkè la fi ń sọ̀ ọ́. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé máa ń fẹ́ èyí tó tún kéré sí i.

Àwọn kan a máa yọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà láti fi ṣọ́ epo lò. Asán ni: ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní kì í mu epo nínú jíà tí awakọ̀ kò bá tẹná.

Bó bá ń gbọ́ òórùn jíjóná, kó dúró, kí ọmọ ọkọ̀ fi igi há táyà, kí bíréèkì tutù.