Ààlà Àkòrí Nínú Ìdíje Iyàn Jíjà: Àyẹ̀wò Láti Kòsọ́fẹ́

Àkòrí tí ọ̀pọ̀ wa bá pàdé nílé ẹ̀kọ́ ni "Iṣẹ́ àgbẹ̀ dára ju iṣẹ́ olùkọ́ lọ". Ó ń kọ́ ọmọ láti dúró sọ̀rọ̀ láwùjọ, ṣùgbọ́n kò ní ààlà. Ta ni ó dára fún? Ṣé owó là ń wò ni, àbí iyì? Agbèjà á sọ̀rọ̀ owó kòkó, alátakò á sọ̀rọ̀ ìmọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò sì ní kanra títí agogo yóò fi dún. Ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn jù ni adájọ́ máa fún ní máàkì. Nínú gbogbo ohun tó ń fún àkòrí ní ààlà, mo gbà pé dídárúkọ ẹni tí yóò ṣe nǹkan náà ló ṣe pàtàkì jù.

Ẹ jẹ́ ká mú omíyalé tó ń yọ àdúgbò Agílítì àti Ajégúnlẹ̀ lẹ́nu ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ká ní àkòrí sọ pé "Ó yẹ kí ìjọba dá omíyalé dúró ní Kòsọ́fẹ́". Ìjọba wo? Odò Ògùn ló ń kún bò wọ́n, omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára ohun tó ń kún un. Àjọ Ogun-Osun River Basin Development Authority, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ló ń bójú tó dáàmù náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ilé kíkọ́. Gọ́tà àdúgbò kan ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ àti àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ikosi-Isheri àti Agboyi-Ketu. Alátakò tó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ka ìwé lórí dáàmù lè débẹ̀ kó bá ọ̀rọ̀ gọ́tà. Ìrẹ́jẹ nìyẹn. Mo fara mọ́ èyí: "Ó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí omi dáàmù Ọ̀yán ba ilé wọn jẹ́ ní Kòsọ́fẹ́". Alátakò rí nǹkan sọ: òjò náà wà níbẹ̀, àwọn kan sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi.

Yàtọ̀ sí orúkọ ẹni tí yóò ṣe nǹkan, ọ̀rọ̀ kékeré náà lè pààlà. Ní Amẹ́ríkà, àkòrí kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ girama tó ń jiyàn lórí ìlànà ìjọba máa ń lò jálẹ̀ ọdún. Ti 2018 sí 2019 ní kí ìjọba àpapọ̀ wọn dín ìdènà rẹ̀ lórí wíwọ̀lú tó bófin mu kù gidigidi. "Tó bófin mu" yọ àwọn tó gba ẹ̀yìn wọlé kúrò. "Gidigidi" kò ní òṣùwọ̀n, físà sì pọ̀ lóríṣiríṣi, nítorí náà ilẹ̀ ìjiyàn ṣì fẹ̀.

Ààlà tó há jù náà léwu. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2022 ni Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Kòsọ́fẹ́. "Ó yẹ kí ìpínlẹ̀ Èkó dá ọ̀kadà padà sí àwọn òpópónà inú Kòsọ́fẹ́, yàtọ̀ sí ọ̀nà márosẹ̀ Ìkòròdú" ṣe é jà. Bí a bá fi kún un pé aláìsàn nìkan ni kí wọ́n máa gbé, ta ni yóò takò ó?

Nínú irú ìdíje tí àwọn fásitì àgbáyé ṣe ní Cape Town ní 2019, ìṣẹ́jú 15 péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń múra, agbèjà àkọ́kọ́ ló sì ń sọ ohun tí àkòrí túmọ̀ sí. Olùkọ́ tó bá ń to àkòrí irú bẹ́ẹ̀ ní Kétu tàbí Ìkòsí, kó tó fi síta, kó kọ́kọ́ kọ ohun mẹ́ta tí alátakò lè sọ, bó ti wù kí agbèjà túmọ̀ rẹ̀. Bí kò bá rí mẹ́ta, kó tún un kọ.