Irin-iṣẹ́ Tí Ń Sọ Agbára Ọwọ́ Di Púpọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó Lára Nọ́ọ̀tì Táyà

Ẹni tí ó bá ń gba ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yóò ti rí awakọ̀ tírélà tí ó dúró lórí ọwọ́ sípánà, tí ó ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ kí nọ́ọ̀tì táyà lè tú. Kì í ṣe ìwúwo rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ọwọ́ sípánà bá ṣe gùn tó ni agbára tí ń yí nọ́ọ̀tì ṣe ń pọ̀ tó. Bí a bá ki páìpù bọ ọwọ́ sípánà tí kò ju ìdajì mítà lọ, tí ó wá di mítà 1, agbára náà di ìlọ́po méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan náà ni ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ń ṣe gàrí mọ ọgbọ́n yìí, nítorí irin gígùn ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ tí ń fún omi ẹ̀gẹ́.

Páìpù a máa yọ, a sì máa ṣe ènìyàn léṣe. Sípánà eléyín sàn jù ú lọ. Nínú rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré kan wà láàárín, tí àwọn mìíràn yí ká. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀: èyí tí ń sọ agbára di ìlọ́po 50, a ó yí ọwọ́ rẹ̀ nígbà 50, ó kéré tán, kí nọ́ọ̀tì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ẹsẹ̀ irin tí a ń gbé ti nọ́ọ̀tì mìíràn, kí irin-iṣẹ́ náà má baà yí padà sẹ́yìn. Ìka tí ó bá há sáàárín ẹsẹ̀ yìí, fífọ́ ni yóò fọ́. Àwọn tí ń ṣe afárá onírin àti àwọn tí ń tún katakata ṣe ń lo irú rẹ̀ pẹ̀lú.

Títú ni a fi ń ṣe jù. Nọ́ọ̀tì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò sábà nílò ju bí 100 Newton-mítà lọ. Ti tírélà lè tó 600. Ẹni tí ó bá fi agbára ti tírélà de ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń fa bóòtù gùn ni, bóòtù bẹ́ẹ̀ sì lè já lójú eré. Nítorí náà, sípánà tí ń ka agbára ni kí a fi parí dídè.

A tún ń rọ ẹni tí ó bá pààrọ̀ táyà ní Ìbàdàn láti yẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò bí ó bá dé Ọ̀yọ́. Ìrìn bí 50 kìlómítà ti tó kí nọ́ọ̀tì tuntun dẹ̀.