Erè Nínú Ilé: Ẹ̀kọ́ Láti Ouidah

Onílé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí n yan ọ̀kan: yàrá tàbí erè tí mo ń sìn. N kò bá a jà. Ìtàn Ouidah, ní ilẹ̀ Benin, ni mo rántí. Erè ni Dangbe, òrìṣà wọn. Ní 1727, ọmọ ogun Agaja, ọba Dàhòmì, ṣẹ́gun ilẹ̀ náà, wọ́n pa erè jẹ. Síbẹ̀, ìsìn náà kò parun. Lónìí, bí erè bá wọ ilé onílé, wọn a rọra gbé e padà sí ojúbọ. Ìfohùnṣọ̀kan ará ìlú ni ààbò rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe kọ́kọ́ tọ baálé wa lọ ní Ọ̀yọ́. Ó ní kí n bi àwọn ìyàwó ilé.