Timberline: Ilé Pákó Lórí Òkè Hood

Òkè Hood ni òkè tí ó ga jù ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí gúúsù, níbi tí igbó ti ń tán lọ tí òkúta àti yìnyín sì gba ilẹ̀, ni ilé àlejò Timberline wà. Ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6,000 ga ju òkun lọ.

Òun kọ́ ni ilé àlejò onígi àkọ́kọ́ ní àwọn òkè Amẹ́ríkà. Robert Reamer ti fi ìtì igi kọ́ Old Faithful Inn sí Yellowstone, tí wọ́n ṣí ní 1904. Gilbert Stanley Underwood ya àwòrán ilé àlejò Ahwahnee ní Yosemite, tí wọ́n ṣí ní 1927, ṣùgbọ́n ohun tí àlejò ń pè ní pákó lára ògiri rẹ̀, kọnkéré tí wọ́n kùn ní àwọ̀ igi ni, nítorí ìbẹ̀rù iná. Underwood yìí kan náà ni wọ́n pè wá gba àwọn ayàwòrán-ilé iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó nímọ̀ràn lórí Timberline. Lọ́tẹ̀ yìí, igi gidi ni wọ́n lò.

Ìṣẹ́ ló bí ilé náà. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ láti 1929, nígbà tó sì di 1935, ìjọba dá àjọ WPA sílẹ̀ láti fún àwọn tí kò ríṣẹ́ ní iṣẹ́. Ní oṣù kẹfà 1936 ni iṣẹ́ àjọ náà bẹ̀rẹ̀ lórí Timberline. Oníṣẹ́ ọwọ́ ń gba 90 sẹ́ǹtì ní wákàtí kan, lébìrà ń gba 55.

Ọgbọ́n tó wà nínú àwòrán ilé náà yẹ ní wíwò dáadáa. Yàrá ńlá àárín rẹ̀ ní igun mẹ́fà, òrùlé rẹ̀ sì ṣóńṣó bí orí òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Apá ilé méjèèjì kò ga tó o. Wọ́n nà lọ lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀. Nítorí yìnyín tó máa ń bo fèrèsé ìsàlẹ̀ lásìkò òtútù, òkúta agbègbè náà ni wọ́n fi mọ ìpìlẹ̀ ògiri. Pákó ló bẹ̀rẹ̀ láti òkè rẹ̀. Òrùlé dagẹ̀rẹ̀ gidigidi, kí ẹrù yìnyín má baà wó o. Nínú ilé, òpó èéfín olókùúta tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 90 lọ dúró láàárín, òpó igi pine mẹ́fà tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ sì yí i ká.

Margery Hoffman Smith ló darí iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ inú ilé. Àlòkù ló pọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀: àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ẹranko àti ẹyẹ igbó sára òpó tẹlifóònù tí wọ́n ti lò tì, wọ́n sì fi í ṣe orí òpó àtẹ̀gùn, alágbẹ̀dẹ rọ irin ojú ọ̀nà rélùwéè di irin tí wọ́n ń gbé igi ìdáná lé, àwọn obìnrin fi aṣọ ogbó hun kápẹ́ẹ̀tì. Ẹwà ibẹ̀ kò gbára lé owó.

Ààrẹ Franklin Roosevelt ṣí i ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1937, àlejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ síbẹ̀ ní 1938. Àbójútó rẹ̀ kò dára lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, títí wọ́n fi tì í pa. Ní 1955, Richard Kohnstamm gbà á, ó sì tún un ṣe. Ní 1975, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń wá ahunṣọ àti gbẹ́nàgbẹ́nà láti tún àwọn iṣẹ́ ọnà tó ti gbó ṣe, gẹ́gẹ́ bí àwòrán ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ àwọn ibi ìtàn pàtàkì orílẹ̀-èdè náà.