Oyè Tí Kò Ní Ìlẹ̀kẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò lónìí ni ìtàn àwọn tó ti du ipò aṣáájú nínú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, èyí tí tolórí tẹlẹ́mù mọ̀ sí ASUU. Kí ni ẹni tó jáde fún irú ipò bẹ́ẹ̀ ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Kí sì ni àwọn tó dìbò fún un ń gbé lé e lórí?

Kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà, ìbò, wò. Kí òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti ń dìbò nídìí Ifá. Oníbèéèrè á di owó ẹyọ sí ọwọ́ kan, á di egungun sí ọwọ́ kejì, Ifá á sì mú èyí tó bá wù ú. Ìbò tòde òní yàtọ̀. Bí a bá yan ẹni tí kò yẹ, kò sí Ifá tí a óò di ẹ̀bi rù. Àwa la mú un.

Ní 1965 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì márùn-ún, èyíinì ni Ìbàdàn, Nsukka, Zaria, Ifẹ̀ àti Èkó, dá ẹgbẹ́ tó ṣáájú ASUU sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yanṣẹ́ lódì ní 1973, ìjọba Ọ̀gágun Gowon pàṣẹ pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kó jáde nínú ilé tí wọ́n ń gbé. Ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ pé ẹni tó ni owó oṣù náà ló ni òrùlé.

ASUU fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Biodun Jeyifo, onímọ̀ lítíréṣọ̀, di ààrẹ rẹ̀ ní 1980. Ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò yan alága. Àwọn aṣojú ẹ̀ka gbogbo ló sì ń péjọ láti yan ààrẹ. Ọdún méjì ni sáà kan. Ẹni tó bá wọlé kò fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀: kíláàsì rẹ̀ ń dúró dè é, ìwé ìdánwò sì ń dúró dè é.

Ẹ wo Festus Iyayi, olùkọ́ ní Yunifásítì Benin, tó di ààrẹ ní 1986. Ní 1988 ẹgbẹ́ náà yanṣẹ́ lódì nítorí owó oṣù àti òmìnira yunifásítì. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, ìjọba Babangida fòfin dè é. Wọ́n ti Iyayi mọ́lé, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 1988 yẹn náà ni ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Heroes, gba ẹ̀bùn àwọn òǹkọ̀wé Kọmọnwẹ́ọ̀tì. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ọ̀mọ̀wé tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò yọrí ló sá wọ inú ẹgbẹ́. Ní 2013, ọdún 25 lẹ́yìn náà, ojú ọ̀nà ìpàdé ẹgbẹ́ ní Kano ni jàm̀bá ọkọ̀ ti pa á.

Attahiru Jega ló gbapò lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba tún fòfin de ẹgbẹ́ náà ní oṣù Kẹjọ 1992, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n bá àwọn olùkọ́ fọwọ́ sí àdéhùn. Ní 2010, Jega yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe alága àjọ elétò ìdìbò orílẹ̀-èdè. Òun ló bójú tó ìdìbò 2015, níbi tí ààrẹ tó wà lórí àlééfà ti fìdí rẹmi.

Kì í ṣe aṣáájú nìkan ló ń jìyà. Ní Yunifásítì Ìlọrin, olùkọ́ 49 pàdánù iṣẹ́ wọn ní 2001. Ọdún 2009 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dá wọn láre.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Ìyanṣẹ́lódì 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti 14 oṣù Kejì dé 14 oṣù Kẹwàá. Ìjọba kò san owó oṣù olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì jókòó sílé. Akẹ́kọ̀ọ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dìbò yan ààrẹ. Síbẹ̀, ọjọ́ orí tirẹ̀ ló ń lọ. Òtítọ́ ni pé aṣáájú ẹgbẹ́ ń fara jìn. Òtítọ́ náà ni pé ó ń ná nínú àkókò ẹni tí kò rán an níṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ óò du ipò lọ́la nínú ẹgbẹ́ tiyín, kò tó kí olùdíje ní ìgboyà nìkan. Ẹ bi í léèrè pé: ṣé yóò lè sọ òtítọ́ fún ìjọba, kí ó sì tún lè sọ ọ́ fún àwa tí a yàn án? Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Inú ìpàdé tó gbóná ni ẹgbẹ́ ti sábà máa ń rán aṣáájú rẹ̀ níṣẹ́. Ẹni tó lè fi ọgbọ́n ọmọ jẹ́ iṣẹ́ náà, tí kò sì ní tà wá, ni kí a dìbò fún.

Ó dìgbà kan ná.